Igun Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, bíríkìlà ní Agbonou, kì í mọ ìpìlẹ̀ láì kọ́kọ́ fún ilẹ̀ lómi. Á da igbá omi kan sí igun kọ̀ọ̀kan, á lóṣòó tì í. Bí omi bá dúró, á ní, "Ilẹ̀ kọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún gbẹ́ ẹ."

Ìpìlẹ̀ ilé tí a ó fi ọ̀rá bò, tí mo fẹ́ gbin tòmátì sí lẹ́yìnkùlé, ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn. Igun mẹ́ta mu omi. Ìkẹrin kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tòmátì tí mo ti gbìn sínú ike ti ń ga jù. Nígbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo to bulọ́ọ̀kù síbẹ̀, mo da sìmẹ́ńtì lé e.

Bó ṣe dé, ó fi gìgísẹ̀ gbá igun náà, ó tẹ́tí.

"Ṣé ó mu ún?"

"Ó mu ún, Bàbá."

Ó wò mí lójú títí, ó fọ irinṣẹ́ rẹ̀. Kí tòmátì náà tó pọ́n, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kú.

Ìpìlẹ̀ náà kò sán títí dòní. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti mú, òjò ti dá tipẹ́, igun mẹ́ta gbẹ táútáú. Láràárọ̀ ni mò ń bá omi ní ìkẹrin, kò ju igbá kan lọ. Bí mo bá gbọ́n ọn dànù, á tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lánàá, mo lóṣòó tì í. Mo ní, "Bàbá, kò mu ún."