Bàbá Mi Tó Ń Wọ Bàtà Sùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú, kò sí ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kì í kú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò purọ́.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, obì gbàǹja ló ń tà ní ọjà Kùmásí. Àdúgbò Aboabo là ń gbé, nínú ilé ìyá Aṣáńtì kan. Bàbá lè jókòó jẹ́ẹ́ sídìí agbọ̀n obì rẹ̀, kí àyà rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, kí òógùn bò ó, kó má rí èémí fà mọ́. Á ní ikú ló dé. Wọ́n á gbé e wálé, á ka ṣàhádà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún. Mo ti jogún ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi rí, ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti bàbá mi rárá, tí ẹni tó ni ín sì dúró síbẹ̀ tó ń wò wá. Nígbà tí ikú tún dé, mo pẹ́ kí n tó gbé omi wá, ló bá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó fún àbúrò mi tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà títí. Àwọn ará ilé rò pé nítorí bàbá mi ni, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Tí Bàbá bá pín ogún tán, àyà rẹ̀ á rọlẹ̀, á béèrè ohun tí a sè.

À ń rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń le sí i. Bàbá kì í sùn. Á yí síbí, á yí sọ́hùn-ún, ilẹ̀ á fi mọ́, bàtà á sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lórí ibùsùn. Ìyá mi sọ ọ́ títí, kò bọ́ ọ. Bàbá tún di ẹrù kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ò gbọdọ̀ tú u. A kà á sí ìwà tirẹ̀. Tó bá dé ọjà, á máa tòògbé, àwọn oníbàárà á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó wá ní bó bá ń lọ báyìí, òun á ti ìsọ̀, ká padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ tí mi ò dé rí! Èdè Twi ni mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà, Twi náà ni mo fi ń lálàá. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ikú tó ń kú lọ.

Gbogbo èèyàn wá di oníṣègùn. Ẹnìkan ní kó máa mu tíì tó dúdú kí ara rẹ̀ lè le. Àwọn oníbàárà ní kó máa jẹ obì kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀, bẹ́ẹ̀ obì kì í wọ́n lẹ́nu bàbá mi. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń ta gbàǹja gbọ́dọ̀ bá oníbàárà jẹ awẹ́ kan, kó lè hàn pé kòkòrò ò sí nínú ọjà rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Obì tí àwọn awakọ̀ ń rà lọ́wọ́ wa kí oorun má baà kùn wọ́n lójú ọ̀nà! Kò sì sẹ́ni tó rò ó nínú ilé wa.

Ìyá mi fi tipátipá mú un lọ sí ọsibítù. Mo tẹ̀lé wọn, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pín ogún lẹ́yìn mi. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ le koko, pé ẹ̀rù ni, ẹ̀rù a sì máa mú ara ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú. Bàbá mi bínú. Ẹni tó ti ṣe wàhálà àtikú tó báyìí, wọ́n wá ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Dókítà ní kó má fẹnu kan obì tàbí tíì mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán, pé bí àyà rẹ̀ bá tún já, kó máa fa èémí díẹ̀díẹ̀, kó máa fẹ́ ẹ jáde bí ẹni ń fẹ́ kókó gbígbóná. Lẹ́yìn náà ló wá bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì bi í rí, pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an.

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Wọ́n á tún lé wa."

Kí wọ́n tó bí mi ni ìjọba Gánà ti lé àwọn àlejò rí. Bàbá fi ìsọ̀ tó kún fún obì sílẹ̀, kò tilẹ̀ ráyè wọ bàtà tó fi lọ. Ó padà wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, rédíò ń sọ pé Nàìjíríà ń lé àwọn ará Gánà, ó sì dá a lójú pé lára wa ni àwọn ará Gánà máa ti gbẹ̀san. Ìyá mi bú sẹ́kún níwájú dókítà. Àánú bàbá mi ṣe mí lọ́jọ́ náà, mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi ò lè pa á mọ́ra, ó sọ fún ìyá onílé bí a ṣe délé. Ìyá náà wọ yàrá wa, ó jókòó lé ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó, ọwọ́ òfo ló fi dé. Ó ní, "Wọ́n lé ọmọ tèmi. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ ẹlòmíràn nínú ilé mi. Ha yɛ wo fie, ilé rẹ nìyí." Ló bá tú ẹrù náà fúnra rẹ̀, ó ń kó aṣọ wa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bú bàbá mi pé ó jẹ́ kí aṣọ tó dára hu bu.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àílà ọ̀sán, Bàbá bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀, kò mira mọ́. Ará ilé kan yọjú, ó rí bàtà nílẹ̀, ó rí i tó nà gbalaja. Bàbá tó máa ń kéde ikú rẹ̀ kò kéde rárá, a jẹ́ pé tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ló bá figbe ta. Ilé kún, ẹkún sọ, ìyá onílé ti ká gèlè kúrò lórí. Àfi bí Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. A dúró yí i ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ jí i.

Kò tán lọ́jọ́ kan ṣá. Àyà rẹ̀ ṣì ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á dúró láàrin ọjà, á máa fẹ́ atẹ́gùn fùú, fùú. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé oògùn àwúre ló ń fẹ́ sí ọjà rẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.

Lóde òní, ẹ ti ní orúkọ fún irú àìsàn yìí, ẹ sì lè rí dókítà lórí fóònù. Ó dùn mọ́ mi, ẹ lo oògùn yín. Àmọ́ olúkúlùkù ti ti géètì rẹ̀ pa báyìí, onílé ò mọ ohun tó ń ba ayálégbé lẹ́rù. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Bàbá mi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Kùmásí la sin ín sí, kò sì sẹ́ni tó bi wá níbi tí a ti wá.