Ilẹ̀kùn Ilé Bàálù àti Ìyá Mi

Òórùn epo bàálù ló máa ń gbé mi padà sí pápá bàálù ẹ̀yìn Òṣogbo, níbi tí mo ti ṣe kíláàkì nígbà tí ara ṣì le. Bàálù kékeré kan ló wà níbẹ̀, tó ń fín oògùn sóko kòkó títí dé Ifẹ̀wàrà. Ìgbà tí wọ́n ra ìkejì ni wàhálà dé. Ilé bàálù wa ò gba méjì, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, ó sì ń gba ìdajì ilẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìta ló ń ṣí sí, atẹ́gùn pápá á fà á ya. Ọ̀gá àgbà wá láti Ìbàdàn, ó ní bí òun bá padà wá tí òjò ṣì ń pa ìkejì níta, bàálù àti gbogbo wa lòun máa kó lọ sí Ìbàdàn.

Gbọ́ ná, kí ni mo fẹ́ fi Ìbàdàn ṣe? Èmi nìkan ló kù fún ìyá mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́, ó sì ti sọ pé Alékùwòdò ní Òṣogbo, nídìí ìsọ̀ òwú òun, ni ikú á ti bá òun. Ìyá mi kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò lè fi í sílẹ̀, mi ò sì lè fi iṣẹ́ tí a fi ń jẹun sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni.

Ẹnjiníà wa, ọmọ Iléṣà, ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lé lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ya èyí tí yóò máa yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àmọ́ ibi tí apá bàálù yẹ kó wà ni ìyẹn náà gbà. Ó fa bébà ya, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí kò bá sí nítòsí, mo máa ń pè é ní òṣómàáló, torí bí àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tó ń lóṣòó gba gbèsè, ó lè lóṣòó síwájú ẹnu ọ̀nà yẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi dé ìsọ̀ ìyá mi láti ra òwú, òjò àkọ́rọ̀ sì ká wa mọ́bẹ̀. Pátákó tí a fi ń ti ìsọ̀ náà, òkè ló ń ṣí sí, igi la fi ń gbé e dúró. Àwọn èèyàn rọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi, ẹnjiníà náà, lóṣòó síbẹ̀, ó ń wòkè.

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kí lò ń wá?" ni ìyá mi bi í.

"Màmá, ilẹ̀kùn yín ò gba àyè kankan."

Bó ṣe wá ṣe tiwa nìyẹn. Ilẹ̀kùn tuntun náà ń ká sí méjì láàárín bó ṣe ń gòkè, ẹnjiníà sì so àgbá tó kún fún òkúta mọ́ wáyà lọ́tùn-ún lósì. Bí àgbá bá ń sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn á máa gòkè. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà padà wá, ojú ọ̀run ti ṣú. Wọ́n ti bàálù kìíní wọlé, wọ́n ti ìkejì tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀ kí òjò tó dé. Ọ̀gá àgbà ní a ò lọ síbì kankan mọ́. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn, ojú ò tì mí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá mi kú lọ́wọ́ mi ní Alékùwòdò. Èmi ni mo fún un lómi mu kẹ́yìn. Nígbà àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹnjiníà ọ̀gá mi wá kí mi, mo sì kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀kùn yẹn. Ó ní ilẹ̀kùn wo? Mo ní ilẹ̀kùn ilé bàálù, sà. Ó gbé mi dìde, ó rò pé ọ̀fọ̀ ló dà mí lórí rú.

Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi dára, mo máa ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò lè mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bá tọ́jú ìyá.