Òjò Tí Mo Kà Lórí Rédíò

Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ mi ti jẹ́ láti máa sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, lédè Yorùbá, ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ojú ọjọ́ máa ń dé bá wa láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Èmi ni mo ń tú u, èmi náà ni mo ń kà á. Bí wọ́n ṣe to orílẹ̀-èdè yìí sínú rẹ̀ kò yí padà rí. A ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, Sókótó, Kánò àti Màídúgùrì, a ó sọ̀ kalẹ̀ sí Jọ́ọ̀sì àti Mákúdì, Ìlọrin á wà láàárín níbẹ̀, kí a tó já sí Èkó àti Kàlàbá létí òkun. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀rùn ń palẹ̀ mọ́, ó máa ń dà bíi pé orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni mò ń kà. Eruku ṣì ń bo oòrùn ní Màídúgùrì, àrá ti ń sán ní Kàlàbá, àwa tí a wà láàárín kò ní ju ooru lọ. Ẹni tó ń gbọ́ mi ní Adéwọlé tàbí ní Ọ̀fà Garage kò bìkítà fún Kàlàbá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí lẹ́nu mi: ṣé òjò yóò rọ̀ sí wa?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ náà. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, lórí wàláà, kí n tó mọ a, b, d. Ohùn tí mo fi ń ké kéwú níwájú àfáà wa ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi gbà mí sí rédíò. Àfáà yẹn kọ́ wa pé ìmọ̀ òjò wà lára ohun tí Ọlọ́run fi sọ́dọ̀ ara Rẹ̀. Nítorí náà, n kì í ka ìwé ojú ọjọ́ tán kí n má fi "Inṣá Allāhu" kún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn tó láti gbà mí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ṣì í kà. Kò tó.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, kò kúrò lóko ní tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage lẹ́yìn ìrun àsùbáà yóò dé abúlé wa kí oòrùn tó mú. Òun ló jogún oko bàbá wa, òun náà ló sì jogún àgbàdo wọn. Àgbàdo funfun ni, kò gùn, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ fún mọ́ra pinpin, ọ̀gì rẹ̀ sì máa ń dì dáadáa. A kò ra irú rẹ̀ rí. Ìyá bàbá wa ló ti ń gbìn ín. Lọ́dọọdún, wọ́n á ṣa èyí tó dára jù, wọ́n á so háhá rẹ̀ pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n á fi kọ́ orí àjà ilé ìdáná kí èéfín máa fẹ́ sí i, kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́.

Bàbá wa ní òfin lórí àgbàdo yìí. Òjò àkọ́kọ́, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Òjò kejì, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, wọ́n á wo ibi tí omi mu dé. Òjò kẹta ni wọ́n ń gbìn. Síbẹ̀ náà, ìlà tó wà lókè pátápátá lórí àjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí tí àgbàdo oko yóò fi ga dé orúnkún. "Orí àjà kì í ṣófo," ni wọ́n máa ń sọ, bí ìyàwó ilé kan bá ń wo ìlà yẹn lójú ìyàn.

Lẹ́yìn ikú wọn, ẹ̀gbọ́n mi pa òfin náà mọ́ bí ẹni ń pa ìrun mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò pa tirẹ̀ mọ́. Ọdún méjì tẹ̀ léra, òjò kẹta pẹ́ kó tó dé, òjò sì tètè lọ. Hóró kò kún inú háhá.

Ní ọdún kẹta, nínú oṣù Rámádánì, ó wá kírun Jímọ̀ ní Ìlọrin, ó sì yà sinmi lọ́dọ̀ mi ní Adéwọlé. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná mànàmáná ti lọ, ààwẹ̀ wà lẹ́nu àwa méjèèjì, ooru sì ń bọ́ lára ògiri.

"Ìwọ akéde òjò," ó ní, "ibo lo gbé òjò wa pamọ́ sí?"

"Kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ bi Ọlọ́run."

"Ọlọ́run kọ́ ni wọ́n ń sanwó oṣù fún lórí ẹ̀. Ìwọ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún méjì rèé tí mo dúró de òjò kẹta. Àwọn tó gbin irúgbìn ṣọ́ọ̀bù sórí òjò àkọ́kọ́ ti kórè, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òkú ló ń bá mi dáko."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí bàbá tèmi náà ni òkú yẹn. Ó sì tún dùn mọ́ mi díẹ̀, kí n má purọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé rédíò, ẹ̀gbọ́n mi kò ka ìwé ojú ọjọ́ sí. Ọjọ́ yẹn ló tó wá bi mí.

"Ayé ti yí padà, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Bàbá wa kò ní ẹ̀rọ tó ń wo ìkùukùu láti òkè sánmọ̀. Ìwé tọdún yìí ò ní pẹ́ dé. Ohun tí ẹ bá ti gbọ́ lẹ́nu mi, ẹ tẹ̀ lé e."

"Bó bá ní kí n gbìn sórí òjò àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbìn ín."

"Àti ti òkè àjà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe lókè? Ṣé kí eku jẹ wọ́n ni?"

"Ìwọ lo kàwé," ó ní, ó sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Ìwé náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú Rámádánì, iwájú ìṣínu gan-an ni wọ́n ń fi ojú ọjọ́ sí, nítorí pé gbogbo ilé ló ń ṣí rédíò nígbà yẹn, wọ́n ń dúró de ìpè ìrun mọ̀gàríbì. Kò sí wákàtí tí etí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọdún. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ pé òjò yóò tètè bẹ̀rẹ̀ lágbègbè àárín orílẹ̀-èdè, bóyá nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìpínrọ̀ kejì sọ pé lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dá dá fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lágbègbè kan náà, kí àgbẹ̀ má ṣe kánjú gbin nǹkan. Lẹ́yìn náà ni Sókótó, Kánò, Màídúgùrì, gbogbo wọn títí dé etí òkun.

Obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ yọ ìka méjì sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Àfáà, ìṣẹ́jú méjì ló kù fún yín. Ìkéde òkú méjì àti ìgbéyàwó kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."

"Ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un fún mi."

"Kí n lọ sọ fún ládàánì pé kó dúró?"

Mo fa bírò yọ. Ohun kan ní láti kúrò nínú ìwé náà. Mo fa ìlà gbọọrọ lé ìpínrọ̀ kejì.

Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé àsìkò ni kò tó. Irọ́ ni. Àsìkò tó fún mi láti yan ohun tí mo máa yọ. Mo wo gbogbo ìlú tó ti gbààwẹ̀ nínú ooru láti àárọ̀, tí wọ́n fi èso dàbínù ìṣínu sọ́wọ́, tí wọ́n ń dúró de ohùn mi, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa fi òjò hàn wọ́n tó tún máa gbà á padà lẹ́nu kan náà. Mo fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi ohùn kéwú mi kà á pé òjò ti sún mọ́ Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀. Mo ka Sókótó, mo ka Màídúgùrì, mo ka Kàlàbá. Mo ní Inṣá Allāhu. Bí mo ṣe dákẹ́ ni ìpè ìrun bọ́ sí i. Wọ́n fóònù wá dúpẹ́ títí di ìṣáì. Mo sọ fún ara mi pé n ó ka ìyókù lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, ìwé mìíràn dé, ìpínrọ̀ yẹn kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́.

Òjò rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òjò gidi, tó gbé páànù kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò Road. Ẹ̀gbọ́n mi fóònù mi kí ilẹ̀ tó gbẹ.

"Olójò," ó ní, "mo ti wà lóko."

"Ẹ ti ń gbìn?"

"Mo ti já gbogbo ẹ̀ lórí àjà. Ìyàwó mi ní ilé ìdáná ṣe bí ilé ẹni tó kó lọ. Mo ní kó dákẹ́, pé àbúrò mi ti kà á."

Òjò kejì kàn wọ́n yẹẹrẹ ni. Kò sí òjò kẹta.

Títí a fi yọ ọdún Ìtúnu, oòrùn ni. Mo lọ sí abúlé lọ́jọ́ kejì ọdún. Àgbàdo ti hù jákèjádò oko, ewé méjì, ewé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì ti ká bíi sìgá, etí wọn ti ṣe wùrùwùrù. Mo fa ọ̀kan, ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi wá láìjà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi. "Ẹ kú ọdún," ni mo sọ, bíi pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Lọ́jọ́ kẹta, ìmáàmù abúlé pe gbogbo èèyàn jáde sí gbangba fún ìrun títọrọ òjò. A yí aṣọ wa padà, inú sí òde, bí ìṣe wa ṣe rí bí a bá ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó yí ipò wa padà. Àpò agbádá mi rọ̀ sílẹ̀ lóde bí etí ewúrẹ́. Mo tọrọ àforíjì níbẹ̀ ju òjò lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni obìnrin kan sọ̀ lórí ọ̀kadà, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń rán sí àwọn abúlé. Ó wo oko yí ká, ó mi orí.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká máa gbọ́rọ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dá ń bọ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Ṣé wọn ò kà á fún yín lórí rédíò ni?"

Gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó ń ka rédíò. Wọ́n yíjú sí mi, èmi tí mo wọ aṣọ lódì.

"Wọ́n kà á," ẹ̀gbọ́n mi ní. "A gbọ́. Àwa la ò tẹ̀ lé e."

A padà sílé. Ó wọ ilé ìdáná, mo tẹ̀ lé e. Àwọn okùn tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàdo ṣì wà lórí àjà, dúdú fún èéfín, kò sí nǹkan lára wọn.

"Ṣé ó wà nínú ìwé yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tó ò kà á?"

"Àsìkò ò tó."

Ó mi orí lọ́ra. "Ṣùgbọ́n àsìkò tó fún Sókótó," ó ní.

Òjò dé lẹ́yìn-ò-rẹyìn, alihamudulilahi. Mo ra irúgbìn ní ìlú, mo gbé e lọ fún un, ó gbà á, ó sì dúpẹ́. Àgbàdo náà yọ ọmọ ńláńlá aláwọ̀ ìyeyè, kò sì sẹ́ni tí ebi pa nílé wa lọ́dún yẹn. Mo mọ oore Ọlọ́run níbẹ̀, n kò ní sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ ṣe irúgbìn, pé kò ní so dáadáa mọ́, pé bí ọdún bá yí, kí a padà wá. Mo wá àgbàdo bàbá wa kiri abúlé mẹ́fà. Ní èyí tó kẹ́yìn, ìyá àgbàlagbà kan mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ṣàpèjúwe hóró rẹ̀ fún mi. Mo bi í bóyá ó ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Tiwa ti tán tipẹ́," ó ní. "Bó bá ti tán, ọ̀dọ̀ bàbá yín la ti máa ń lọ gbà á."

Ní báyìí, bí àsìkò kò bá tó, Sókótó ni mò ń yọ. Ọ̀gá mi ti bá mi wí lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní orílẹ̀-èdè kì í ṣe Ìlọrin nìkan. Òótọ́ ló sọ. Ó ṣeé ṣe kí àgbẹ̀ kan wà ní Sókótó tó ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dárí jì mí, ó pe Ọlọ́run sí i, n kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lọ́dún yìí, nígbà tí ìwé dé, ọ̀dá wà nínú rẹ̀. Mo fóònù rẹ̀ kí n tó wọlé lọ kà á, pé kó ṣí rédíò, pé n ó ka gbogbo rẹ̀ pátápátá.

"O ṣeun," ó ní. "Kà á fún àwọn tó ṣì ní nǹkan lórí àjà."