Bí Mo Ṣe Fi Ìdákẹ́jẹ́ Pa Ọ̀gá Mi

Mo ṣì rántí bí mo ṣe kó ọgbọ́n Èkó wọ Ọ̀mù-Àrán. Alájì kan tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀ ló gbà mí láti máa ṣètò ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa gbé sórí Fesibúùkù. Oṣù mẹ́ta ni wọn yóò fi dán mi wò. Bí n kò bá yege, ilé ìyá mi ní Òrò ni n ó padà sí, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti di ọ̀gá.

Nígbà tí mo wo ojú ewé wọn, ojú gbà mí tì. Fọ́tò Alájì ló kún ibẹ̀: Alájì ń kí ayé kú Jímọ̀, Alájì dúró ti àpò ajílẹ̀, ó ń kí àwọn onígbàgbọ́ kú ọjọ́ Ìsinmi. Èmi ọ̀mọ̀wé bá fa ètò yọ. Ní oṣù kìíní, a ò ní gbé ohunkóhun jáde. A ó kàn máa fetí sí àwọn àgbẹ̀. Níbo la ti fẹ́ gbọ́ wọn? Ètò mi kò dé ibẹ̀. Alájì ní, "Ìwọ lo kàwé." Ìyá mi ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo fi í rẹ́rìn-ín, torí kí ló mọ̀ nípa iṣẹ́ ìgbàlódé?

Kò pẹ́ tí bàbá àgbẹ̀ kan fi gun ọ̀kadà wá sí ilé-iṣẹ́ wa láti Àrán-Ọ̀rin, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣé ìwọ lọmọ wọn?"

Mo bi í pé ta ló kú. Ó ní Jímọ̀ mẹ́ta rèé tí Alájì ò kí àwọn, kí ló tún kù tí àwọn ò tíì mọ̀? Ó ń sọ bí Alájì ṣe fún òun ní irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún tí ọ̀dá pa àgbàdo òun, ni Alájì bá yọ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí bàbá náà sá. Èmi náà ti ń di ẹrù mi lọ́kàn.

Alájì jókòó tì í. "Parí ọ̀rọ̀ ẹ. Kí lo tún fẹ́ sọ nípa mi?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ìtàn Alájì lẹ́nu gbogbo àgbẹ̀ tó tún wá kẹ́dùn, ohun tí wọ́n sọ la sì gbé jáde lóṣù kejì. Alájì ò lé mi. Ó ní ẹni tó jẹ́ kí òun fetí ara òun gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ lẹ́yìn ikú òun, iṣẹ́ ló yẹ ẹ́.

Abújá ni mo wà báyìí, mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní irú ètò yẹn, wọ́n sì ń sanwó fún un. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá mi wó fún odindi oṣù kan, n kò gbé nǹkan kan jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń tẹ̀lé mi lórí Fesibúùkù. Kò sẹ́ni tó rò pé mo kú.