Téèpù Dúdú Tí Wọ́n Fi Bo Iná Búrèkì Bọ́ọ̀sì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí bọ́ọ̀sì tí mo rà, nítorí inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé gààrí ni mò ń tà ní Ìwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bọ́ọ̀sì kékeré tí n ó máa wà fúnra mi lọ sí Kuta, kí n lè máa kó ọjà wálé, kí n sì máa gbé àwọn ìyá tí a jọ ń nájà. Ó ti sú mi láti máa dúró de ọlọ́kọ̀ tó máa ní òun ń bọ̀, tí kò sì ní dé.

Ọkùnrin kan ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ládùúgbò wa. Mọ́sálásí kan náà la jọ ń kírun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló tà á fún mi. Ó ní kí n wo dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa, ṣé mo rí iná kankan tó ń tàn níbẹ̀? Mi ò rí. Ó ní ọkọ̀ tó lálàáfíà nìyẹn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Kí ni mo mọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí pé iná pupa tín-ín-rín kan ń yọ létí dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Mo pe Àlàájì. Ó ní sẹ́ńsọ̀ lásán ni, pé gbogbo tòkunbọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má da ara mi láàmú. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tí a jọ ń kírun!

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, à ń ti Kuta bọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá mẹ́fà ló wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú àpò gààrí. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo tẹ búrèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ tààrà. Mo tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Níwájú wa, ọlọ́kadà kan ń rọra lọ, ó gbé obìnrin kan àti ọmọ sẹ́yìn.

Mo fa búrèkì ọwọ́, mo sì yà wọ oko ẹ̀gẹ́ lápá ọ̀tún. Ebè ló dá wa dúró. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ìyá Àdíjá, tó dàgbà jù nínú wọn, ń wí kálímọ́ ṣàhádà lọ láìdákẹ́. Orúnkún rẹ̀ ti ń wú. Ó wá bi mí pé, "Ṣé o ò mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ò ní búrèkì ni?"

Ojú tì mí láti wò ó. Ìtìjú yẹn ju ẹ̀rù lọ.

Wọ́n fi ọkọ̀ míì wọ́ bọ́ọ̀sì náà dé ọ̀dọ̀ Múftáù, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

Téèpù dúdú ni. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi bo iná búrèkì àti iná ẹ́ńjìnnì. Ooru ló ká etí ọ̀kan sókè tí mo fi ń rí ìmọ́lẹ̀ yẹn. Múftáù ní búrèkì ọ́ìlì ti ń jò tipẹ́, iná náà sì ti ń kìlọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ẹ gbọ́ ná, ẹnì kan jókòó, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó fara balẹ̀ gé téèpù, kí n má baà mọ̀ pé mo lè kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ́ bọ́ọ̀sì náà lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì. Ó kọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe rà á. Ó tún ní kò bàjẹ́ tó bí mo ṣe ń sọ ọ́, pé ó ṣì ṣeé wà.

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo ní, "Ó dáa, Àlàájì. Ẹ gbé ìyá àwọn ọmọ yín sẹ́yìn, kí ẹ wà á sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kuta. Èmi náà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ lè wà á?"

Àlàájì ò gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn èèyàn ti dúró, wọ́n ń wò ó. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, pé òun máa ṣe gbogbo búrèkì rẹ̀. Ó sì ṣe é lóòótọ́. Mo ní ìyẹn ò tó, àfi kó lọ bẹ Ìyá Àdíjá. Ó lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ìyá náà ní òun ti dárí jì í.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọ̀kadà ni Ìyá Àdíjá ń gùn lọ sí Kuta. Bó bá rí bọ́ọ̀sì mi, á kí mi, á sì yẹra. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, torí èmi kọ́ ni mo lẹ téèpù.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ mú rewáyà dání. Kí ẹ́ńjìnnì tó dún, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí àwọn iná ibẹ̀ kọ́kọ́ tàn ná, kí wọ́n tó kú. Èyí tí kò bá tàn rárá ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ṣé ẹnì kan ti ta irú ẹ̀ fún ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, bóyá ẹni tó fẹ́ lọ ra ọkọ̀ lọ́la máa kà á.