Ìwàásù Ìdágbére Tí Bàbá Ọkọ Mi Kà

Orí àpáta ni mo wà, mò ń sá èlùbọ́, ọmọ mi obìnrin ń bá mi lé ewúrẹ́, nígbà tí ìyá ọkọ mi ké sí mi láti ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń ké, mo rò pé ilé ló ń jó.

"Ìyàwó! Sọ̀ kalẹ̀ o! Ibà ti gbé Pásítọ̀ ṣánlẹ̀! Bàbá ọkọ rẹ ni yóò wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi!"

Kí n tó délẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè mí fún. Ọkọ mi ń ṣe tíṣà ní Òkèhò nígbà yẹn, ìparí oṣù ló máa ń wá sí Ṣakí. Bí òun ò bá sí nílé, èmi nìkan ló ka ìwé mẹ́wàá, ohunkóhun tó bá sì ti jẹ mọ́ òyìnbó, èmi ló ni ín.

Bàbá ọkọ mi jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ ni, inú rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ti ní kó wàásù, lórí ìkórè, gbogbo ìjọ ló sùn. Akọrin sùn. Ẹni tó máa ń fi ọ̀pá jí àwọn tó bá ń sùn, òun náà sùn, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìró ọ̀pá yẹn ló jí wa tí a fi ṣe àmín. Àlàájì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì jẹ́ kó rí ìsinmi. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á pariwo pé, "Díákónì! Jọ̀ọ́, wá wàásù díẹ̀ fún mi, mo fẹ́ rẹjú!"

"Lọ́tẹ̀ yìí," Bàbá wí bí mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, "ẹnikẹ́ni ò ní sùn."

Ó ṣí àpótí, òórùn káńfọ̀ gba inú yàrá. Ó tú aṣọ funfun kan, ó mú ìwé jáde: àwọn ìwàásù àti ọ̀rọ̀ ìyànjú òyìnbó Onítẹ̀bọmi kan, tó gbé láyé àwọn bàbá bàbá wa. Orúkọ rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ fún yín, ikán ti jẹ ẹ́. Míṣọ́nnárì tí Bàbá ń bá tún ọgbà ṣe nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Míṣọ́nnárì náà ti fi òwú pupa sí ojú ewé kan, ó ní ìgbàkígbà tí òun bá ka ibẹ̀, ẹkún ni. Bàbá ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ẹkún wà.

"Ibi òwú yìí ni kí o kọ fún mi ní Yorùbá," ó ní. "Èmi á kà á."

Mo wò ó. "Bàbá, ìwàásù ìdágbére lèyí o. Òyìnbó yìí ń fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká wo òmíràn? Ọ̀kan wà níbí lórí ìkórè."

"Ìkórè tí wọ́n fi sùn níjọ́sí ńkọ́? Ìyàwó wa, ìwàásù ni ìwàásù. Má fi kún un, má sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀."

Ta ló máa ń bá bàbá ọkọ rẹ̀ jiyàn? Mo jókòó, mo túmọ̀ rẹ̀. Ibi tí òyìnbó ti ń sọ nípa yìnyín tó bo ilẹ̀, mo sọ ọ́ di ọyẹ́. Ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ sí ìlú tó ń lọ, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ní kí n má yọ nǹkan kan.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá wọ agbádá funfun, ó dúró lórí pèpéle, ó kó gíláàsì sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe lanu ló ní:

"Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu mi nìyí. Ọkọ̀ ti ń dúró dè mí létí omi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ó wo ibi tí mo máa ń dúró sí, ẹ ò ní bá mi níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sùn.

Ìyá ọkọ mi dìde láàárín àwọn obìnrin, ó tú ìró, ó tún un ró, ó káwọ́ lérí. "Baálé mi o! Kí ni mo ṣe fún yín?" Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Láti ibi tí mo wà, mo ń juwọ́ sí Bàbá pé kó ṣàlàyé. Bàbá rí ẹkún, ó rò pé Ẹ̀mí ló ń ṣiṣẹ́, ó tún gbé ohùn sókè sí i. Nígbà tó dé ibi tí òyìnbó ti dárí ji gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́, olórí akọrin ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láàárín ìjọ, ó ń jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ìta ni ojú Bàbá ti là. Àwọn èèyàn rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń kí i bí ẹni ń kí arìnrìn-àjò. Ìyá arúgbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá Díákónì, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi pé mo ti fi páànù kan òrùlé ilé o. Ẹ sọ fún un pé kò jò mọ́."

Ẹ ò rí bí ojú Bàbá ṣe yí padà! Bó ṣe délé, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sógiri. Ó kọ oúnjẹ. Wọ́n ń kọ ebè lóko, kò lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, wọ́n ní kí n dákẹ́.

"Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́," ó ń wí fún ògiri. "Nínú ilé Ọlọ́run. Èèyàn bíi tèmi kì í sọ irú ẹ̀ kó má ṣẹ."

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín wá ń dẹ́rù bà mí. Tó bá jẹ́ báyìí ló máa dùbúlẹ̀ láìjẹ láìmu, ọ̀rọ̀ náà á ṣẹ lóòótọ́.

Àlàájì ló wọlé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Díákónì, wọ́n ní o ti dágbére fún gbogbo ìlú. O ò wá dágbére fún èmi. Ṣé torí pé n kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Àlàájì, má fi mí ṣeré."

"Ta ló ń fi ọ́ ṣeré? Oko tí a jọ pààlà ni mo ń rò. Ṣé kí n ti máa sún ààlà náà díẹ̀díẹ̀?"

Bàbá yíjú sí i díẹ̀. "Tó o bá fọwọ́ kan ààlà yẹn!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ṣì ń gbọ́ràn." Àlàájì kọjú sí mi. "Ìyàwó, òyìnbó tó ni ọ̀rọ̀ yìí dà?"

"Ó ti kú tipẹ́, Àlàájì."

Bàbá kérora.

"Mo mọ̀ pé ó ti kú! Ṣé ọjọ́ tó dágbére náà ló kú?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ibi òwú pupa nìkan ni wọ́n ní kí n kà, mi ò ka ibòmíràn. Mo sáré lọ mú ìwé náà, mo ṣí iwájú rẹ̀, níbi tí ẹni tó kó àwọn ìwàásù náà jọ ti kọ ìtàn ayé oníwàásù. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìdágbére yẹn, òyìnbó wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n fún un ní ìjọ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí, ó fẹ́ òmíràn, ó tún bímọ. Ó wàásù títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi funfun, orí ibùsùn rẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ ogbó.

Bàbá ti jókòó. "Tún ibẹ̀ yẹn kà."

"Ibo níbẹ̀?" Ìyá ọkọ mi ló bèèrè, ọwọ́ ti wà ní ìbàdí. "Ṣé ibi tó ti fẹ́ ìyàwó?"

"Ibi tó ti darúgbó ni," Bàbá ní. "Kí lo rò?"

Àlàájì rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lásìkò ìfilọ̀, ó dìde, ó ní ẹni tó dágbére níjọ́sí, òyìnbó ni, òun fúnra òun ò lọ síbì kankan. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó onípáànù nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní ta ló máa wá bá òun jẹ́ iṣẹ́ náà báyìí?

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ọmọ mi fa ìró mi. Ó ti ń ṣọ́ bàbá rẹ̀ àgbà láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò sì sún mọ́ ọn.

"Màmá, ṣé bàbá àgbà ò ní lọ mọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ parọ́ fún un.

"Wọ́n máa lọ, ọmọ mi, tó bá pẹ́ gan-an," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní ka ìdágbére wọn nínú ìwé ẹnìkan. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa pè ọ́ mọ́ra, wọ́n á sì sọ ọ́ fún ọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Wọn ò tíì pè ọ́. Sáré lọ bá wọn, kí o di ọwọ́ wọn mú kọjá ojú títì."