Nọ́ńbà Tí Wọ́n Kọ Sára Ògiri Bàbá Mi

Bí ẹ bá rí mi lójú pópó tí mò ń yọjú wo ògiri ilé onílé, ẹ má pè mí ní wèrè. Ọ̀dà pupa ni mò ń wá. Ó ti mọ́ mi lára láti ìgbà tí wọ́n ti wó ìsọ̀ ìyá mi ní ọjà Bọ́ládé, nígbà tí mo ṣì ń lọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí àmì kọ́kọ́ dé, kò sí ariwo, kò sí ìjà. Ọkùnrin kan ló gbé agolo ọ̀dà dání, ó ń fa àmì sára ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣàdúrà fún àwọn ọlọ́jà bó ṣe ń lọ: "Ajé á wọgbá o." Ìyá mi ní, "Àmín o, ọmọ mi." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí katapílà fi dé. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀dà pupa kọjá níwájú mi, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé èèyàn lè fi kun géètì ilé rẹ̀.

Ẹlẹ́rù ni mí, n kò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ní tí ewé bá já lórí igi, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sá wọlé. Kó máa wí lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe. Ilé tó kọ́ sí Ìsọlọ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn ló ń kọ́ ọ, ó sì pẹ́ gan-an kó tó kan páànù sí i. Ilé náà wà ní kọ́nà, níbi tí ọ̀nà tiwa ti yà kúrò lára ọ̀nà ńlá. Nígbà tó kú, iwájú ilé yẹn la sin ín sí. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ìyá mi ní láéláé, pé ẹni tó kọ́lé kì í tún lọ háyà ilẹ̀ tó máa sùn sí. Àwọn àáfà kírun sí i lára, a sin ín, a da kọnkéré lé e, lẹ́yìn náà a tẹ́ táìsì sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé fáráńdà lásán ni. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń tẹ́ ẹní sí, tí á máa gbatẹ́gùn, tí á sì máa sọ fún ọkọ rẹ̀ pé epo ti tún wọ́n sí i, pé ọmọ rẹ obìnrin kò pè mí láti àná. Èmi lọmọ obìnrin yẹn.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkota, níbi tí mo ti ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọdé. Ìyá ìbejì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ló pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ nílé o. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri wa."

Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ?"

"Nọ́ńbà ni o. Ọ̀dà pupa."

Bí mo ṣe dé inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé olùwakẹ̀kẹ́ ń bi mí bóyá ara mi yá, mo sì ń dá a lóhùn pé kó ṣáà máa sáré. Ìyá mi ni mò ń rò, ṣùgbọ́n bàbá mi ni mò ń rò jù. Ìyá mi lè dìde kó sá. Bàbá mi ńkọ́?

Mo bá nọ́ńbà náà lára ògiri lóòótọ́, lápá ibi tí ọ̀nà ti yà: lẹ́tà kan níwájú, ẹyọ nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, ọfà kan lábẹ́ wọn tó kọjú sílẹ̀. Ọ̀dà náà ti ń ṣàn díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ bíi pé òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Lánlọ́ọ̀dù tó wà ní òdìkejì, tí wọn kò kọ nǹkan kan sí lára, di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa ju èyí lọ rọ́pò."

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?"

Ó ní kí n má bínú, pé ohun tí òun gbọ́ ni pé iye ọjọ́ tí wọ́n fún wa ni nọ́ńbà yẹn. Ẹlòmíràn ní rárá, iye ilé tí wọ́n máa wó láti ibí dé òpin ọ̀nà ni. Ẹnì kan tún ní ọfà tó kọjú sílẹ̀ yẹn ni kí á wò dáadáa, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n máa wó o dé ìpìlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi ná. Gbogbo wọn pátá ni kò mọ nǹkan kan, mo sì gba gbogbo wọn gbọ́.

Ìyá mi jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé táìsì. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Wọ́n tún ti wá mi kàn."

Ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Kò tilẹ̀ tíì mu omi tó fi sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká hú Bàbá. Ká gbé wọn lọ sí Ọ̀yọ́, ká tún wọn sin níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní dé. Ó sàn kí àwa ọmọ wọn hú wọn ju kí katapílà hú wọn lọ."

Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Ta ló máa hú u? Ìwọ?"

"Mo lè pe àwọn tó ń ṣe é, Màmá."

"Ẹni tó bá ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ yìí, orí mi ló ki í bọ̀. Ṣé o gbọ́? Bàbá rẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi pé kí n bá òun dá sí i. N kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun tó ń sọ bọ́gbọ́n mu, ohun tí ìyá mi ń sọ náà bọ́gbọ́n mu, èmi sì ń gbọ́ ìró katapílà nínú gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá. Ó bínú padà sí Ìbàdàn. Mo kó aṣọ mi wá sí Ìsọlọ̀, mo ní mo fẹ́ wá tọ́jú ìyá mi. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wọ́n á dé nígbà tí n kò ní sí níbẹ̀.

Wọ́n dé lóòótọ́. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti ń mú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òpó irin, àpò sìmẹ́ńtì àti pátákó aláwọ̀ ewé kan. Nọ́ńbà tó wà lára ògiri wa gan-an ni wọ́n kọ sára pátákó yẹn, ní funfun. Ọ̀gá wọn jẹ́ àgbàlagbà, ó dé fìlà, ó lo awò ojú. Mo sáré bá a, mo kúnlẹ̀ kí i kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Nọ́ńbà tí ẹ kọ sí wa lára yìí, kí la ṣe?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ kàámù dáàn. Kì í ṣe nọ́ńbà ilé yín. Nọ́ńbà ọ̀nà ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, kò sì kánjú. Ó ní àwọn ọ̀nà ńlá tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tiwọn. Èyí tó tẹ̀ lé wọn, tó so àdúgbò pọ̀ mọ́ àdúgbò, ti ìpínlẹ̀ ni. Àwọn kéékèèké tó kù jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní lẹ́tà iwájú ló ń sọ ẹni tó ni ọ̀nà, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ agbègbè tó wà, ìyókù ni ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń jẹ́. Ibi tí ọ̀nà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń ri pátákó sí, àti ibi tó bá parí sí. Ilé wa ló wà níbẹ̀rẹ̀. Kò sí òpó lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ wá, ni wọ́n bá kọ ọ́ sára ògiri wa, kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́. Ọfà yẹn, ibi tí òpó máa dúró sí ló ń tọ́ka sí.

Áà! Mo fẹ́ dì mọ́ bàbá olóore yìí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí ará Ìsọlọ̀ kan fi nọ́ńbà pe ọ̀nà rí. Àwa la máa ń ní, sọ̀ nílé epo, tó o bá ti rí mọ́ṣáláṣí, o ti kọjá, padà sẹ́yìn. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà náà ń jẹ́ nǹkan? Lánlọ́ọ̀dù òdìkejì ti jáde, ó ń ní òun ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lójú tì?" A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa.

Ìgbà náà ni ọ̀gá yẹn ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú téèpù wá.

Mo ní, "Téèpù kí ni, sà?"

Ó ní, "Ọ̀nà yín ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó ti di ti ìpínlẹ̀. Bí ipò ọ̀nà bá ṣe ga sí ni ààyè tó ní lápá ọ̀tún àti lápá òsì ṣe ń fẹ̀ sí. A kàn fẹ́ wọ̀n ọ́n ni."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ẹnì kan di orí téèpù mú láàárín ọ̀nà, ìkejì ń fà á bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó rékọjá títì. Ó rékọjá gọ́tà. Ó dé iwájú ẹní ìyá mi, kò sì tíì dúró.

Ọmọ iṣẹ́ tó ń fà á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

"Mi ò sún."

"Màmá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni."

"Ṣe iṣẹ́ rẹ. Ilé ọkọ mi ni mo jókòó sí."

N kò mọ̀ bóyá kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ ìyá mi tàbí kí n dákẹ́. Bí mo bá sọ, wọ́n lè ní òfin ò gbà á, kí wọ́n ní ká wá hú u kíá. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á fi bàtà tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ọ̀dà sàmì sí i. Ẹnu mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Ẹ dúró. Bàbá wa ló wà níbẹ̀."

Ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé, bíi pé ó ń wá ẹni tó wà nínú ilé. Lẹ́yìn náà ló wolẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fà sẹ́yìn kúrò lórí táìsì. Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ìyá mi ní, "Àmín." Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n parí ìwọ̀n náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Wọ́n fa téèpù kọjá lórí itan ìyá mi, ìyá mi kò sì mira. Ibi tó parí sí, àárín bàbá mi gan-an ni. Ọmọ iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fa àmì pupa kékeré kan sára táìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ìyá mi.

Mo ní, "Ṣé ẹ máa wó o ni?"

Ọ̀gá ní, "Kò sí ẹni tó rán wa pé ká wó nǹkan kan."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹ ọ̀nà sí i."

"Ìgbà wo nìyẹn, sà? Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wo ọ̀nà lọ, ó wò ó bọ̀. "Ọmọ mi, ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ó lè má ṣẹlẹ̀ lójú ayé tèmi tìrẹ. Tí mo bá dá ọjọ́ fún ọ, mo parọ́ fún ọ ni." Wọ́n ri òpó wọn, wọ́n da sìmẹ́ńtì sí i, wọ́n lọ.

Ẹ̀rù tó lọ́jọ́ sàn. Nígbà ti Bọ́ládé, a mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì wá, ó sì tán. Èyí kò tán. Mo ti padà sí Òkota báyìí, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni mò ń pe ìyá mi. Tí kò bá tètè gbé fóònù, mo ti ń wá bàtà mi. Ẹ̀rù òjò ń bà mí, ẹ̀rù ọkọ̀ akẹ́rù ń bà mí, ẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá gbé téèpù lọ́wọ́ ń bà mí, bẹ́ẹ̀ téèpù ni èmi náà fi ń jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá lọ́jọ́ Àìkú kan, ó tún gbé ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ dé. Ìyá mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín táìsì àti gọ́tà.

Ó ní, "Tó bá di ọjọ́ tèmi, ibí ni kí ẹ sin mí sí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ibẹ̀ yẹn ti bọ́ sí ti ìjọba pátápátá. Tí ẹ bá fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà, ṣebí apá inú ló yẹ yín."

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ apá inú. Tí wọ́n bá dé, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá. Títí wọ́n á fi yanjú ọ̀rọ̀ tèmi, bàbá yín á ti sùn díẹ̀ sí i."

Ojú mi wọn ilẹ̀ náà kí n tó lè dá a dúró. Ó fẹ̀ tó láti gba ìyá mi.